Káàdì Eyínfúnjowó

Kò tíì tó aago mẹ́fà ìdájí ọjọ́ Tọ́sídeè yẹn tí Olúwafisáyọ̀ ti wẹ̀, tó ti múra, tó sì ti jókòó sí pálọ̀ tó ń gbọn ẹsẹ̀ bí ọmọ tó ń retí aṣọ Kérésìmesì. Páálí kan wà lórí itan rẹ̀. Káàdì mọ́kànlélógójì ló wà nínú páálí náà, orí káàdì kọ̀ọ̀kan ló sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ àgbàlagbà kan, pẹ̀lú àmì ohùn, láìsí ẹni tó bá a tún un ṣe.

"Ọmọ yìí, o ò tilẹ̀ sùn ni?" Màmá Oyèwùmí ló ń jáde bọ̀ láti yàrá, ìwé orin wà lábẹ́ abíyá wọn.

Fisáyọ̀ kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà. Mo sùn díẹ̀. Ayọ̀ ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa."

"Ayọ̀ a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dáa, gbé páálí yẹn wá, jẹ́ kí n bá ọ yẹ orúkọ wọ̀nyẹn wò ká tó gbàdúrà."

"Rárá o, Màmá! Ẹ jọ̀ọ́, mà. Iṣẹ́ tèmi ni. Mo fẹ́ dá a ṣe."

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn tí Màmá máa béèrè, ẹ̀ẹ̀kẹta sì nìyẹn tí Fisáyọ̀ máa dì mọ́ páálí náà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín. "Mo gbọ́. Kí Olúwa tó jẹ́ kí o kọ orúkọ wọn jẹ́ kí wọ́n dá ọ lóhùn."

"Àmín, mà."

Ogún ọdún ni Fisáyọ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú ilé wọn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Yorùbá kì í bọ́ sí wọn lẹ́nu àfi tí wọ́n bá ń bínú síra wọn. Nígbà tó wọ yunifásítì ló sọ fún wọn pé èdè bàbá òun lòun fẹ́ kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ náà sì ní òfin kan: ẹni tó bá ń kọ́ èdè gbọ́dọ̀ lọ gbé oṣù mẹ́fà níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́, kó máa gba ẹ̀kọ́ láàárọ̀, kó sì máa bá àwọn ará ìlú ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Bó ṣe dé Ìlobù nìyẹn nínú oṣù kìíní ọdún, sílé Màmá Oyèwùmí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, díákónẹ́ẹ̀sì nínú ìjọ wọn, ìyá tí kò lè rí ọmọdé kó má kọ́ ọ ní nǹkan.

Tí wọ́n bá ti ṣe àmín òwúrọ̀ tán ni ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kọ́ ìkíni nìkan: bí a ṣe ń kí ẹni tó ń dirun, bí a ṣe ń kí ẹni tó ń ti oko bọ̀, bí a ṣe ń kí ẹni tó kàn jókòó tí kò ṣe nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan tí Fisáyọ̀ gbàgbé tó sì bi Màmá pé, "Ìwọ ńkọ́?", Màmá yíjú wo ẹ̀yìn ara wọn. "Ta lò ń bá wí? Ṣé ewúrẹ́ tó ń kọjá lọ yẹn ni?" Láti ọjọ́ náà, "ẹ̀yin" kò kúrò lẹ́nu Fisáyọ̀ mọ́. Ó ń sọ ọ́ fún àgbà, ó ń sọ ọ́ fún ọmọdé, ó tilẹ̀ sọ ọ́ fún ajá ilé kejì.

Ẹ̀kọ́ orúkọ ló wá wù ú jù lọ. Màmá kọ́ ọ ní orúkọ tí ọmọ ń mú tọ̀run wá, wọ́n kọ́ ọ ní èyí tí à ń sọ ọmọ lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n kọ́ ọ ní oríkì. Wọ́n jókòó ti orúkọ Olúwafisáyọ̀ fúnra rẹ̀ fún odindi òwúrọ̀ kan, títí omi fi ń bọ́ lójú ọmọ náà, nítorí kò sí ẹni tó tú u sílẹ̀ fún un bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà parí, ó dá a lójú pé kò sí ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà pe èèyàn tí òun kò mọ̀.

Iṣẹ́ ọ̀sán rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìfọ́n, lábẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Nehemiah Adéjọbí, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bọ̀dá Nehemiah. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni Dókítà Àmúdà, oníṣègùn ojú, máa ń ti Òṣogbo wá síbẹ̀ pẹ̀lú awò ojú àti oògùn tí wọ́n ń kán sójú, lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún yìí, àwọn àgbàlagbà Ìlobù ló kàn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti lọ láti ilé dé ilé kí dókítà tó dé, kó kọ orúkọ ẹni tí ojú ń dùn, irú oògùn tó ń lò, àti àìsàn tó wà lára rẹ̀, sórí káàdì. Bọ̀dá Nehemiah gbé iṣẹ́ náà lé Fisáyọ̀ lọ́wọ́, òun sì lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ méjì ní Òṣogbo.

Ha, ọmọ náà ṣiṣẹ́! Jàlálù, ọlọ́kadà àdúgbò, ló ń gbé e kiri. Bí ẹ̀kọ́ òwúrọ̀ bá ti parí ni wọ́n ń gbéra, aago mẹ́wàá ni wọ́n sábà máa ń dé ilé àwọn èèyàn. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, àwọn àgbàlagbà ti lọ sóko, tàbí ìpàdé, tàbí àdúrà. Àwọn ìyàwó ilé ló kù lẹ́nu iṣẹ́.

Ilé àwọn Ògúntóyè ni Fisáyọ̀ kọ́kọ́ yà sí. Ó bá Ìyá Démiládé níwájú ilé tí wọ́n ń bẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gaàrí, obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí apá rẹ̀ sì le bí ti ọkùnrin. Fisáyọ̀ kúnlẹ̀ sórí iyanrìn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

"Ẹn ẹ̀n o. Ta nìyí? Ṣé ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń wí nìyí? Ó mà dúdú jù mí lọ! Èmi rò pé èèyàn funfun ni wọ́n ń sọ."

"Ẹ má bínú, mà," ni Fisáyọ̀ wí, ìyẹn sì pa Ìyá Démiládé lẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó béèrè ẹni tí ojú ń dùn nínú ilé náà.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni," ni Ìyá Démiládé wí, ohùn wọn sì yí padà. "Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú ni wọ́n ti padà sílé bàbá wọn níbí. Wọn ò ríran mọ́, ọmọ mi. Tí wọ́n bá ń lọ sẹ́yìnkùlé, ògiri ni wọ́n ń tọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n gbé ọwọ́ lé iná, wọ́n rò pé abọ́ ni. Ọmọ ló fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sí àdúrà láàárọ̀ yìí."

"Kí ni orúkọ wọn, mà?"

"Eyínfúnjowó."

Fisáyọ̀ kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó béèrè oògùn wọn, Ìyá Démiládé sì wọlé lọ mú ike rẹ̀ jáde, torí àwọn ló ń fún ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn lò láràárọ̀. Ó béèrè àìsàn. Wọ́n ní èémí máa ń há a láyà nígbà ọyẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló kọ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ. Ní ilé kan wọ́n pe Akọ̀wé fún un, ní òmíràn Ọkùnrinjẹ́jẹ́, ní òmíràn Ìbàdíàrán, Àgùntáṣọọ́lò, Adúmáadán. Orúkọ wọ̀nyí dùn mọ́ ọn débi pé ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lórí fóònù. Ó ní, "Mummy, ẹ wo bí orúkọ àwọn àgbà ṣe ń dún níbí!" Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, àwòrán ọkàn pupa kan ló fi dá a lóhùn.

Òun ló fà á tó fi jẹ́ pé ní òwúrọ̀ Tọ́sídeè yẹn, bó ti jókòó sẹ́yìn Jàlálù tí ọ̀kadà ń gbé wọn lọ sí Ìfọ́n, orin ìyìn ló ń kọ láti Ìlobù títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

"Sísí, ẹ rọra o," ni Jàlálù ké mọ́ ọn. "Ẹ ti sọ ọ̀kadà mi di ṣọ́ọ̀ṣì!"

Bọ́ọ̀sì ìjọ ti kó àwọn àgbàlagbà dé. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ àtíbàbà, fìlà àti gèlè, ọ̀pá ìtìlẹ̀ láàárín orúnkún. Dókítà Àmúdà ti to awò ojú sórí tábìlì lọ́hùn-ún; ogójì ó lé díẹ̀ ni. Èèyàn pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni dókítà náà, ó mọ àwàdà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àsìkò kò wà fún àwàdà lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Aago méjì ni mò ń kúrò níbí o," ló wí fún Bọ̀dá Nehemiah. "Wọ́n ń dúró dè mí ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Awò tó bá kù sórí tábìlì yìí, Ẹ̀rìn ló ń lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀ ká tó tún ríra."

Bọ̀dá Nehemiah tú páálí, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Mẹ́fà àkọ́kọ́ lọ geerege, torí Fisáyọ̀ bá àwọn mẹ́fà yẹn fúnra wọn nílé lọ́jọ́ tó lọ gbẹ̀yìn. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n jáde pẹ̀lú awò ojú. Fisáyọ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Bọ̀dá Nehemiah mú káàdì keje. Ó wò ó. Ó tún un wò.

"Àgùntáṣọọ́lò."

Ẹnikẹ́ni kò dìde.

"Ìbàdíàrán." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ó yẹ káàdì tó kù wò ní kíá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó pa gbohùngbohùn, ó sì na ìka sí Fisáyọ̀.

"Sísí, wá ná. Ta ló pe àwọn orúkọ wọ̀nyí fún ọ?"

"Àwọn ìyá tí mo bá nílé, sà."

"Àwọn ìyàwó ilé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bọ̀dá Nehemiah di orí mú. "Fisáyọ̀! Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ! Ọmọ ọdún méjì tó bá bá níbẹ̀ pàápàá, kò ní í pe orúkọ rẹ̀. Ó máa wo onítọ̀hún ni, ó máa fún un ní orúkọ tó wù ú, èyí ló sì máa pè é títí ikú. Orúkọ tí wọ́n fi ń kẹ́ ọkọ lo kọ wá fún wa sórí káàdì ilé ìwòsàn!"

Ẹ̀jẹ̀ sáré wọ ojú Fisáyọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyá rẹ̀ kò bá àna kankan gbé. Níbo ni ì bá ti gbọ́ irú rẹ̀ rí?

"Ẹ jẹ́ ká béèrè lọ́wọ́ wọn, sà," ló wí. "Wọ́n á mọ orúkọ tí ìyàwó wọn ń pè wọ́n."

Bọ̀dá Nehemiah gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. "Ẹ̀yin bàbá, ta ni Akọ̀wé nínú yín?"

Ọwọ́ márùn-ún dìde.

"Káàdì mẹ́ta ló wà o!"

"Akọ̀wé ni mí láti ọdún tí wọ́n ti gbé ìyàwó àbúrò mi wọlé," ni bàbá kan tó dé fìlà aláwọ̀ ewé wí, tó sì mú ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀.

"Tèmi ti pẹ́ ju tiyín lọ!" ni ẹlòmíràn dá a lóhùn. "Èmi ni Akọ̀wé nígbà tí ẹ ṣì ń kọ́ ABD!"

Ti àwọn ìyá tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n pe Ìbàdíàrán, wọ́n pe Adúmáadán, wọ́n pe Eyínfúnjowó, ṣùgbọ́n gbogbo wọn wolẹ̀, wọ́n ń fi etí gèlè bojú. Ìyá wo ló máa dìde láàárín ọkùnrin pé òun ni bàdí òun jọ àrán?

Bàbá onífìlà aláwọ̀ ewé pariwo pé, "Oyèdìran lorúkọ mi. Ẹ wò ó dáadáa!"

"Ẹ ò sí níbẹ̀, bàbá."

"Mo sì jókòó síbí! Àbí iwin mi lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

Dókítà Àmúdà ti jáde wá. Wọ́n ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó mi orí. "Mi ò lè fi káàdì ẹlòmíràn kán oògùn sí ẹnikẹ́ni lójú. Ẹni tí èémí máa ń há wà nínú wọn. Oògùn kan wà níbẹ̀ tó lè dá onítọ̀hún dùbúlẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè oògùn tí wọ́n ń lò nílé, wọ́n á ní funfun kékeré kan ni. Ta ló mọ̀ ọ́n?"

"Àwọn ìyàwó ló mọ̀ ọ́n, sà," ni Fisáyọ̀ wí wẹ́rẹ́. "Àwọn ló ń fún wọn."

"Àwọn ìyàwó náà dà?"

Wọ́n wà ní Ìlobù. Aago mọ́kànlá ti kọjá. Káàdì márùndínlógójì ló kù nínú páálí.

Lórí bẹ́ǹṣì tó kángun sí ògiri, Fisáyọ̀ rí ìyá arúgbó kan tó na ọwọ́ ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́, tó ń fi ìka wá ògiri náà, tó sì fi ọwọ́ lé e lẹ́yìn tó rí i, tí ara rẹ̀ wá balẹ̀. Àpá iná wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kejì. Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún Fisáyọ̀ ìyá tí ìyẹn jẹ́. Ọdún kan sí i. Ṣé ògiri ni wọ́n tún fẹ́ máa tọ̀ fún odindi ọdún kan nítorí pé òun kò jẹ́ kí Màmá wo káàdì?

"Bọ̀dá Nehemiah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní wákàtí kan!" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ti ń sáré. "Bọ̀dá Jàlálù! Ìlobù! Kíá!"

"Kí lẹ jí gbé?" ni Jàlálù wí, ṣùgbọ́n ó ti tẹ iná sí ọ̀kadà.

Màmá Oyèwùmí ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́ nígbà tí Fisáyọ̀ já wọlé tó sì ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà láìmí, Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, ẹkún pẹ̀lú àlàyé. Màmá gbọ́ ọ tán. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n wá gbé àwo ìrẹsì sílẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lójú wọn.

"Èmi ni mo jẹ̀bi. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà. Mo kọ́ ọ ní gbogbo orúkọ tán, mo wá gbàgbé èyí tí mò ń pè lójoojúmọ́. Àbúrò ọkọ mi tó máa ń wá síbí lọ́jọ́ Àìkú, kí lò ń gbọ́ tí mò ń pè é?"

Fisáyọ̀ ronú. "Ọ̀gá Ọlọ́jà, mà."

"Ìgbà wo ló ta ọjà rí? Awakọ̀ ni! Ó kàn jẹ́ pé ó ń dúnàá-dúrà lọ́jọ́ tí mo wọlé wọn ni." Wọ́n ti ń wọ bàtà. "Àwọn àgbà tó wà ní Ìfọ́n yẹn, ẹ̀kọ́ wọn ni kò jẹ́ kí wọ́n dìde. Ìyàwó tó ń fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kẹ́ èèyàn ló lè fi pè é; àwọn la máa kó lọ. Dìde, ọmọ mi. Má sunkún. Ẹkún kò ní í gbé wa dé Ìfọ́n."

Wọ́n já sí ìta. Màmá mú apá ọ̀tún àdúgbò, Fisáyọ̀ mú apá òsì, Jàlálù lọ pe àwọn oníkẹ̀kẹ́ márúwá. Ìyá Démiládé wà nídìí agbada gaàrí, òógùn bò wọ́n.

"Ẹ fẹ́ kí n lọ dúró níwájú dókítà kí n máa pe Eyínfúnjowó? Èmi? Pẹ̀lú gaàrí lára?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Wọ́n ń tọ ògiri níbẹ̀ báyìí. Mo rí wọn."

Ìyá Démiládé ju igbá tí wọ́n fi ń yan gaàrí sílẹ̀, wọ́n ké sí ìyàwó ọmọ wọn pé kó wá bójú tó iná, wọ́n sì so ìborùn mọ́dìí. "Níbo ni kẹ̀kẹ́ yẹn wà?"

Kẹ̀kẹ́ márúwá márùn-ún ló gbéra láti Ìlobù, àwọn ìyàwó há mọ́ inú wọn bí iṣu nínú àpò, àwọn tí kò rí àyè wà lórí ọ̀kadà, Jàlálù sì ṣíwájú tó ń fọn fèrè kiri bíi pé ọba ló ń gbé bọ̀. Fisáyọ̀ há sáàárín Ìyá Démiládé àti ìyàwó kan tó ń fún ọmọ lọ́mú. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàwó ọlọ́mọ náà ní òun gan-an lòun sọ Àgùntáṣọọ́lò lórúkọ; Ìyá Démiládé ní irọ́ ni, ìyá ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́, obìnrin náà kàn jogún rẹ̀ ni. Fisáyọ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbàdúrà, ó ń wo aago: méjìlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú.

Bí wọ́n ṣe bọ́ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, Bọ̀dá Nehemiah mú káàdì keje. Kò pè é. Ó gbé e fún Fisáyọ̀, Fisáyọ̀ sì kà á sétí àwọn ìyàwó. Ìyàwó ọlọ́mọ jáde síwájú, ó kúnlẹ̀ tọmọtọmọ.

"Àgùntáṣọọ́lò ọkọ mi, ẹ ò gbọ́ ni? Ẹ dìde ká rí i yín!"

Bàbá kan tó ti tẹ̀ bí dòjé gbé ara rẹ̀ nílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Gbogbo àtíbàbà hó yèè.

"Kí ni orúkọ wọn gan-an?" ni Bọ̀dá Nehemiah bi ìyàwó náà.

"Ha! Ẹ fẹ́ kí wọ́n ní ilé wa ò kọ́ mi? Ẹnu wọn lẹ ó ti gbọ́ ọ."

"Fáwẹ̀mí," ni bàbá náà wí, bí ẹni tó ń yanga. "Fáwẹ̀mí Àgùntáṣọọ́lò."

Fisáyọ̀ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, ìyàwó sọ irú oògùn tí bàbá ń lò, bàbá wọlé. Ó yá! Ìyàwó pè, ọkọ dìde, ọkọ sọ orúkọ ara rẹ̀, Fisáyọ̀ kọ ọ́. Akọ̀wé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ sí ipò wọn láìjà, torí olúkúlùkù mọ ohùn ìyàwó tirẹ̀. Ìbàdíàrán dìde nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ ijó fún un, ó sì jó díẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Inú Fisáyọ̀ dùn débi pé kò mọ̀ pé òun ti ń pàṣẹ fún Bọ̀dá Nehemiah: "Ẹ sún síbí, sà! Ẹ mú àga yẹn wá, sà!" Bọ̀dá Nehemiah sì ń mú un wá.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjì lù, káàdì kan ló kù.

Ìyá Démiládé kúnlẹ̀ níwájú bẹ́ǹṣì tó kángun sí ògiri. "Eyínfúnjowó mi."

Ìyá arúgbó náà kò dìde. Ó fi ìborùn bo ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ló kù."

"Ìyàwó, fi mí sílẹ̀," ni ìyá náà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Èèyàn ti pọ̀ jù níbí. Wọ́n á wo ẹnu mi. Eyín wo ló kù níbẹ̀ tó fẹ́ fún jowó?"

Dókítà ti ń pa àpótí rẹ̀ dé lọ́hùn-ún. Fisáyọ̀ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Démiládé, ó di ọwọ́ tí iná ti jó náà mú.

Ìyá Démiládé kò pariwo. "Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi wọ ilé yín, ẹ̀rù ń bà mí, mi ò lè gbójú sókè. Ẹ ṣí ìbòjú mi, ẹ sì rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ rẹ́rìn-ín sí mi lọ́jọ́ yẹn. Eyín tí mo rí nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè yọ ọ́ lẹ́nu yín lójú tèmi. Ẹ dìde, ọkọ mi."

Ìyá arúgbó náà tú ìborùn kúrò lẹ́nu. Ó na ọwọ́ kejì sí Ìyá Démiládé, wọ́n sì gbé e dìde láàárín àwọn méjèèjì.

"Orúkọ yín, mà?" ni Fisáyọ̀ béèrè.

"Rìnsọ́lá. Rìnsọ́lá Ògúntóyè."

Dókítà Àmúdà wo aago rẹ̀, ó wo àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń bọ̀, ó sì tún àpótí ṣí. Ó ka káàdì dáadáa. Ó gbé oògùn kan, ó rí ibi tí Fisáyọ̀ kọ ọ̀rọ̀ èémí sí, ó gbé oògùn náà sílẹ̀, ó mú òmíràn. Ó yẹ ojú wò, ó pààrọ̀ awò lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìkarùn-ún ló fi sílẹ̀ lójú ìyá náà.

Ìyá arúgbó náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ó wo Fisáyọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Ìyá Démiládé tó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ìyẹ̀fun gaàrí ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ewú funfun báláú jáde lábẹ́ gèlè. Ó wò ó pẹ́. Ó nawọ́ fọwọ́ kan ewú náà.

"Ìyàwó!" ló ké, ó sì la ẹnu rẹ̀ tí kò ní eyín sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín débi tí awò fi ń gbọ̀n lójú rẹ̀. "O mà ti darúgbó, o ò sì sọ fún mi!"